Orí Kẹta: Ìgbànú Kì í Wọ Ilé Ìdáná

“Ìbídùn Àjàdí, ìgbànú rẹ funfun. Bọ́ sí ìlà òkúta.”

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí Adíwọ̀n ń pe orúkọ náà fún òkúta. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ohùn olùkọ́ tó ń ka orúkọ ọmọ iléèwé láàárọ̀ ni. Àpótí dúdú kan báyìí ni, kò tóbi rárá. Wọ́n gbé e ka orí òpó irin létí adágún, wọ́n sì ta òrùlé pákó lé e lórí kí oòrùn má baà sè é. Ojú kan ṣoṣo ló ní. Ojú náà ló fi ń wo ìgbànú ìdí gbogbo ẹni tó bá wá sí ọ̀wẹ̀ kíkó ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò nínú adágún, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ibi tí kálukú máa dúró sí.

Ìbídùn kò jiyàn. Ó sọ ọmọ oṣù méje tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà tó wà lábẹ́ àtíbàbà, ó ká òṣùká, ó sì bọ́ sí ìlà. Obìnrin ló kún ìlà òkúta náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lánàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́dún tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé. Ẹ̀rọ kì í ṣègbè. Bí àwa ará Ìsàlẹ̀-Àpáta ṣe máa ń sọ nìyẹn, a ó sì mi orí sí i.

Bàbá Lájorin ló kàn. Òun ni olórí ọ̀wẹ̀ adágún, ọkùnrin oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ. Ojú Adíwọ̀n kọjá lára ìgbànú rẹ̀.

“Bàbá Lájorin, ìgbànú yín ti mu aró díẹ̀. Ẹ lọ di okùn mú nínú ibòji.”

Àwọn tó fi èdè sí Adíwọ̀n nínú kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀ àgbà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá sọ fún un pé ó ṣeun, bí ẹni pé ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì gba ibòji lọ, níbi tí iṣẹ́ kò ti wúwo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Bàbá ti rìn dé ilé mẹ́rin láti kí wọn kú ìmúra ọ̀wẹ̀, ìgbànú sì ń ka gbogbo ìṣísẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ìlú wa ló mọ ọgbọ́n yìí. Wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á rìn yí òkè ká pẹ̀lú ìgbànú nídìí, wọ́n ní àwọn ń na ẹsẹ̀.

Ọmọdé ìlú wa náà mọ bí ìgbànú ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ènìyàn bá sùn, ìgbànú rẹ̀ yóò ṣá, yóò funfun báláú. Tí ó bá jí tó sì so ó, òógùn rẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ àti ẹrù tó bá gbé ni yóò máa rẹ ẹ́ ní aró díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dúdú ti ṣiṣẹ́, kó lọ jókòó. Ẹni tí tirẹ̀ bá funfun, kó wá gbé òkúta. Òfin Ẹrù Ọgbọọgba nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ẹkùn ló ṣe é ní ọdún tí wọ́n rí i pé ní gbogbo abúlé orí òkè, àwọn obìnrin ló ń fi orí ru ẹrẹ̀ adágún, àwọn ọkùnrin sì wà ní ìpàdé lórí bí a ó ṣe ru ẹrẹ̀ adágún. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀ ti kú láti ìgbà tí òkun ti gba èbúté, tí ọkọ̀ kò sì ríbi gúnlẹ̀ mọ́. Ọwọ́ àti orí ló kù. Wọ́n wá ní kí ó jẹ́ ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin náà, tó so kọ́kọ́rọ́ Adíwọ̀n mọ́ ọrùn, ni Fẹ́hìntọ́lá. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni, Ìyá Onígbànú ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun ló ń tún ìgbànú ṣe, òun ló ń fi tuntun fún ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ohun tó bá sì sọ nípa ìgbànú labẹ gé. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, Adíwọ̀n kì í pè é sí iṣẹ́ kankan. Ọdún mẹ́jọ rèé tó ti wà níbẹ̀, kò jí abẹ́rẹ́, kò gba rìbá, ó sì fi ìyẹn yangàn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ó ń wo Ìbídùn. Ó rí i tó jókòó lẹ́ẹ̀kan, tó tún jókòó lẹ́ẹ̀kejì, tó fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ òde òní, iṣẹ́ kì í wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àánú ṣe é, nítorí kò burú ní ìwà.

Nígbà tí fèrè oòrùn ké ní aago mẹ́wàá, tó di dandan kí gbogbo ìlú wọlé kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó awọ, kálukú tún kọjá níwájú Adíwọ̀n. Ìgbànú gbogbo ènìyàn ti dúdú dọ́gba. Ti Ìbídùn nìkan ló dà bí aṣọ tí a fi omi aró kẹyìn ṣan.

“Ìbídùn Àjàdí, ọjọ́ kẹta. Ilé rẹ bọ́ sí ìlà ìkẹyìn títí òjò fi máa rọ̀. Kí onígbànú yẹ ìgbànú rẹ̀ wò kí iṣẹ́ ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀.”

Ẹni tó bá wà ní ìlà ìkẹyìn, ìgbà tí gbogbo ìlú bá ti pọn omi tán ni tirẹ̀ ń kàn, ohun tó sì ń jáde lẹ́nu páìpù nígbà náà, ẹrẹ̀ ni. Ìyá ọkọ Ìbídùn ti wà lórí ibùsùn láti ọdún tó kọjá, kò lè dìde. Ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn. Òjò sì ku oṣù méjì gbáko.

Ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè jẹun kó sì sùn díẹ̀ ni Fẹ́hìntọ́lá fi jókòó sílé kó tó gbé agbòòrùn onídígí rẹ̀, tó gba inú oòrùn lọ sílé wọn. Onígbànú nìkan ni òfin fún láyè láti rìn nígboro ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Kò bá Ògúnṣínà, ọkọ Ìbídùn, nílé. Ó wà ní gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, tí àwọn ọkùnrin ti ń sinmi.

Ìbídùn wà lórí iṣẹ́. Ó ti yí ìyá ọkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi omi gbígbóná díẹ̀ nu ẹ̀yìn rẹ̀ kí ara má baà ṣí. Ọmọ wà lẹ́yìn. Iṣu tó tó ogójì wà nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti bó ìdajì rẹ̀ sínú omi, nítorí pé ilé wọn ni oúnjẹ ọ̀wẹ̀ kàn lọ́la. Ó kúnlẹ̀ kí Fẹ́hìntọ́lá, ó sì ń wá àga fún un.

“Má ì tíì wá àga. Ìgbànú rẹ dà?”

Ìbídùn nawọ́ sí ara ògiri. Ìgbànú wà níbẹ̀ lórí ìṣó, ó fi ọ̀rá funfun wé e, ó sì so ẹnu ọ̀rá náà. Fẹ́hìntọ́lá tú u. Kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí àbàwọ́n epo, kò sí èéfín, gbogbo ojú rẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n mú un wá. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tẹ ìdè rẹ̀, ó rí i pé kò sí ohun tó ṣe é. Ó ti fẹ́ yin ọmọbìnrin náà fún ìmọ́tótó kó tó di pé ohun kan sọ sí i lọ́kàn.

“Ìgbà wo lo bọ́ ọ?”

“Bí mo ṣe ń ti ọ̀wẹ̀ dé ni mo máa ń bọ́ ọ, mà.”

“Láàárọ̀ ńkọ́?”

“Tí mo bá parí iṣẹ́ ilé, tí mo wẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni mo máa ń so ó.” Ìbídùn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń retí ìyìn. “Mi ò mú un dé ẹ̀gbẹ́ iná rí, mà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ni Ìyá ti kìlọ̀ fún mi pé ìgbànú kì í wọ ilé ìdáná. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Fẹ́hìntọ́lá wá jókòó fúnra rẹ̀, sórí àpótí ìgúnyán, láìsí ẹni tó fà á fún un. Ó bi í léèrè ìgbà tó ń jí. Ìbídùn ní àkùkọ àkọ́kọ́ ni. Ó ní òun á pọn omi, òun á lọ àgbàdo, òun á wẹ Ìyá, òun á yí wọn, òun á dá iná, òun á fún wọn lóúnjẹ, òun á fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí, òun á tọ́jú ọmọ, òun á gbá àgbàlá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, kò fi ẹ̀dùn kankan sí i. Ní gbogbo àkókò yìí, ìgbànú wà lórí ìṣó, nínú ọ̀rá, ní funfun báláú. Bí iṣẹ́ bá wá tán, tí ó so ó, tí ó dé iwájú Adíwọ̀n, ẹ̀rọ náà á rí obìnrin tí kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan láti àárọ̀, á sì fi òkúta tà á lọ́rẹ.

Kì í ṣe Ìbídùn nìkan. Gbogbo obìnrin Ìsàlẹ̀-Àpáta ni.

Fẹ́hìntọ́lá rántí ọjọ́ tí ìgbànú kọ́kọ́ dé ìlú dáadáa. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ìgbìmọ̀ ẹkùn fi rán, ó gun ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn wá. Gbọ̀ngàn ìlú ló ti bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ má bọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ bá jí títí di ìgbà tí ẹ bá sùn, ìbáà ṣe ilé ìwẹ̀. Ó ní kò sì sí òmíràn fún ẹni tó bá ba tirẹ̀ jẹ́. Yàtọ̀ sí Fẹ́hìntọ́lá tí wọ́n fẹ́ fún ní kọ́kọ́rọ́, àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀, wọ́n wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ń se oúnjẹ àlejò. Fẹ́hìntọ́lá ni wọ́n yàn kó lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn. Bó ṣe yọ sí wọn, ohun tó kọ́kọ́ rí ni Àlímọ́tù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ sórí ìkòkò epo gbígbóná, tí ìgbànú tuntun ń dán nídìí rẹ̀, tí epo sì ń ta sí i. Fẹ́hìntọ́lá rò pé yóò bàjẹ́. Ó kígbe pé ẹ bọ́ ọ, ẹ bọ́ ọ, ìgbànú kì í wọ ilé ìdáná. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kó o sórí tábìlì kan. Oúnjẹ ti jinná, ebi sì ń pa àlejò. Ìyókù iṣẹ́ tí wọ́n rán an, kò jẹ́ ẹ mọ́.

Ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Fẹ́hìntọ́lá lọ́jọ́ náà kò tilẹ̀ fọ́, ńṣe ló pamọ. Kí ọdún kejì tó pé, ó ti di òwe. Kí ọdún kẹta tó pé, ó ti di èèwọ̀, tí ìyá ọkọ ń kọ́ ìyàwó, tí wọ́n sì ń pìtàn obìnrin kan ní abúlé kejì tó wọ tirẹ̀ dáná tí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn kò ní èèwọ̀ kankan, nítorí kò sí ohun tó ń gbé wọn dé ilé ìdáná.

Kí ó tó dìde, Fẹ́hìntọ́lá so ìgbànú náà mọ́ Ìbídùn nídìí fúnra rẹ̀. Ó ní, “Lọ́la, bí àkùkọ bá ti kọ, so ó. Iná o, epo o, má bọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó jẹ èèwọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní ó dáa, mà.

Fẹ́hìntọ́lá kò padà sílé. Ilé Àlímọ́tù ló gbà lọ. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lórí ìlà òkúta, ìbàdí Àlímọ́tù yẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láti ìgbà náà ló ti ń fi ọ̀pá rìn, tó sì tẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Fẹ́hìntọ́lá kì í gbé oúnjẹ lọ bá a. Ọ̀rẹ́ ọmọdé ni wọ́n, orúkọ àbísọ ni wọ́n ń pe ara wọn.

Ẹ̀wà ni Àlímọ́tù ń ṣà nínú àtẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

“Ta lo ti sọ fún?”

“Ìwọ nìkan.”

“Kí lo wá gbà lọ́wọ́ mi?”

Omi ti lé ròrò lójú Fẹ́hìntọ́lá. Ó ní àforíjì ni. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀.

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀.” Àlímọ́tù mú òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ṣùgbọ́n bí mo bá dárí jì ọ́ nínú yàrá yìí, ọkàn rẹ á balẹ̀, o ò sì ní sọ ọ́ níta mọ́. Mo mọ̀ ọ́, Fẹ́hìntọ́lá. Lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti gbé òkúta.”

Ó dá ẹ̀wà rẹ̀ padà sí ṣíṣà. Fẹ́hìntọ́lá jókòó tì í títí tí oòrùn fi rọlẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ìgbànú Ìbídùn á dúdú lọ́la, ẹjọ́ rẹ̀ á parí. Òun lè máa sọ ọ́ fún àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, ní jẹ́ẹ́jẹ́, kó tó pé ọdún kan gbogbo wọn á ti mọ̀. Ta ló wá ní láti mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ìlú tó ń pe ènìyàn ní Ìyá fún ọdún mẹ́jọ, tí kò rí ẹ̀sùn kan kà sí i lẹ́sẹ̀, ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹni náà yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ ba orúkọ náà jẹ́? Ẹ̀rù ń bà á, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ nípa ìyẹn.

Ilẹ̀ mọ́. Ìrì díẹ̀ wà lórí àpáta, adágún gbẹ dé ìdajì, ẹrẹ̀ rẹ̀ ń rùn. Adíwọ̀n ti pe bí ogún ènìyàn nígbà tí Ìbídùn yọ pẹ̀lú agbada ẹ̀bẹ ọ̀wẹ̀ lórí, òun àti ọkọ rẹ̀ tó gbé àwo. Ó sọ agbada kalẹ̀, ó sì wá dúró níwájú àpótí.

Gbogbo ènìyàn rí i. Ìgbànú ìdí rẹ̀ ti dúdú kirikiri. Irú aró bẹ́ẹ̀, ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ la fi ń rí i, lára ẹni tó bá gbé òkúta láti àárọ̀ títí fèrè fi ké. Àbàwọ́n epo pupa kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ìbídùn Àjàdí,” ni Adíwọ̀n wí, “iṣẹ́ rẹ tòní ti pé. Lọ jókòó.”

Adíwọ̀n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí obìnrin kankan rí ní òwúrọ̀. Bàbá Lájorin fi okùn sílẹ̀, ó wá wo ìgbànú náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

Ó ní, “Epo nìyí. Ó gbé e wọ ilé ìdáná. Ìyá Onígbànú, ẹ bá wa wò ó. Ṣé kò ti bàjẹ́ báyìí?”

Kò fi ìkà sọ ọ́. Ọ̀nà tó rọrùn ló ń là. Bí Fẹ́hìntọ́lá bá lè ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á fi ìgbànú náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, wọ́n á sì gbà pé ó ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ mẹ́ta, Ìbídùn pàápàá á bọ́ lọ́wọ́ ìlà ìkẹyìn. Kò sí ẹni tí yóò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: ó ti bàjẹ́. Ó dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀.

Ó wo iwájú, ó rí Àlímọ́tù tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀. Ọdún márùn-ún rèé tí kò ti wá sí adágún.

“Kò bàjẹ́,” ni Fẹ́hìntọ́lá wí. “Èmi ni mo ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe eléyìí nìkan, ti gbogbo obìnrin ìlú yìí ni.”

Ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti gbọ̀ngàn, ti ìkòkò epo, ti iṣẹ́ tí wọ́n rán an tí kò jẹ́ tán. Ó ní, “Wọ́n ní kí a má bọ́ ọ. Ilé ìdáná gan-an ló yẹ kí ìgbànú ti máa mu aró àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ fi ṣe iṣẹ́ méjì, tí ẹ̀rọ sì ń ka ẹyọ kan. Ọwọ́ mi ló ti wá.”

Ẹ̀yin tó rò pé inú àwọn obìnrin á dùn, ẹ ò mọ ìlú wa. Inú bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ìyàwó kan bú sẹ́kún, ó ní láti ọdún mẹ́ta ni òun ti ń pe ara òun ní ọ̀lẹ, nítorí pé ó ti ń rẹ òun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì kàn ń wo ìgbànú funfun tó wà nídìí ara rẹ̀.

Bàbá Lájorin wúkọ́ díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kí á rọra. Ó ní ohun tí ènìyàn ń sè fún ọmọ tirẹ̀ nínú ilé tirẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ pe ìyẹn ní iṣẹ́ ìlú? Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ògúnṣínà ló dá a lóhùn. Ọkùnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, àwo ọ̀wẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá, ẹ̀bẹ tí gbogbo wa fẹ́ jẹ yìí, ilé ta ni wọ́n ti sè é? Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àkùkọ. Èmi àti ẹ̀yin la jọ rìn yí òkè ká láàárọ̀ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn gbọ́ létí ọkùnrin. Bàbá wo ilẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ṣe ohun tó yẹ olórí ọ̀wẹ̀: ó na ọwọ́ sí Fẹ́hìntọ́lá, ó ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ wá ná, títí ìlú á fi jókòó. Fẹ́hìntọ́lá bọ́ ọ lọ́rùn, ó gbé e sí i lọ́wọ́. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́, ojú sì tì í.

Ògúnṣínà ti gbé àwo kalẹ̀, ó sì ti bọ́ sí ìlà òkúta. Adíwọ̀n sọ fún un pé ìgbànú rẹ̀ ti mu aró díẹ̀, kó lọ di okùn mú. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì gbé òkúta lérí. Adíwọ̀n tún un sọ. Ó tún dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dìde nínú ibòji lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan pẹ̀lú ìtìjú, àwọn kan pẹ̀lú ìkùnsínú, Bàbá Lájorin ló sì kẹ́yìn. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin lọ jókòó tòní. Àwọn obìnrin kò dúpẹ́, wọ́n sì jókòó.

Ìgbà náà ni ojú Adíwọ̀n yí.

“Fẹ́hìntọ́lá Adéogun, ìgbànú yín funfun. Ẹ bọ́ sí ìlà òkúta.”

Ògúnṣínà ní Màmá ti dàgbà, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Fẹ́hìntọ́lá mi orí, ó bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin, ó wá ń yí òkúta wò, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Kò gbé ọ̀kan rí.

Ọ̀pá kan lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlímọ́tù ti bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ká a ní òṣùká, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí pẹ̀lú ọwọ́ kan.

“Tẹ orúnkún. Má fi ẹ̀yìn gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn.”

Fẹ́hìntọ́lá tẹ orúnkún. Bó ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó gbójú sókè sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti dárí ji òun báyìí.

“Gbé e ná,” ni Àlímọ́tù wí.